Ọ́kíìdì tí ewé rẹ̀ ti rọ, tí gbòǹgbò rẹ̀ ti jẹrà: bí ẹ ṣe máa gbà á là

Tí ewé ọ́kíìdì yín (òdòdó inú ìkòkò tí wọ́n ń pè ní orchid) tó le dáadáa tẹ́lẹ̀ bá ti wá rọ, tó hunjọ, tó ń tẹ̀ síhìn-ín tẹ̀ sọ́hùn-ún bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì bu omi. Mo mọ̀ pé ohun tó máa kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn nìyẹn, wọ́n á ní òǹgbẹ ló ń gbẹ ẹ́, òótọ́ sì ni, òǹgbẹ ń gbẹ ẹ́, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà omi ò wọ́n nínú ìkòkò yẹn rárá, gbòǹgbò tó yẹ kó fi mu ún ló ti jẹrà. Omi wà nílẹ̀, kò rọ́nà mu ún. Tí ẹ bá wá tún da omi lé e, ohun tó ń pa á gan-an lẹ tún fi kún un.

Torí náà kì í ṣe omi púpọ̀ ló fẹ́ báyìí. Ohun tá a fẹ́ ṣe ni pé kí ìwọ̀nba omi tó ṣẹ́ kù nínú ewé rẹ̀ má tètè tán títí tó fi máa hu gbòǹgbò tuntun. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ibẹ̀ ló ń lọ.

Èyí tí mò ń sọ ni Phalaenopsis o, èyí tó wọ́pọ̀ jù ní gbogbo súpámákẹ́ẹ̀tì nílùú ọba níbí, ewé rẹ̀ fẹ̀ ó nípọn, òdòdó rẹ̀ tò sórí ọ̀pá gígùn kan, tí oṣù March bá ti dé tí Mother's Day ń sún mọ́lé ẹ ò ní rìn jìnnà kẹ́ ẹ tó rí i, ọ̀pọ̀ nínú wọn Netherlands ni wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà. Àwọn ọ́kíìdì míì bíi Cattleya àti Dendrobium máa ń ní igi tó wú díẹ̀ nísàlẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú omi sí, Phalaenopsis ò ní nǹkan bẹ́ẹ̀, ewé àti gbòǹgbò nìkan ló gbójú lé, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí gbòǹgbò bá ti lọ, ojú ewé ló ti máa hàn.

Igbó ilẹ̀ Éṣíà ló ti wá, Philippines, Indonesia, Taiwan àti agbègbè ibẹ̀, títí dé apá àríwá Ọsirélíà. Orí igi ló ń gbé níbẹ̀. Kì í ṣe àfòmọ́ o, kì í fa nǹkan kan lára igi, ó kàn jókòó síbẹ̀ ni, gbòǹgbò rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ èèpo igi, àwọn míì á máa fì nínú afẹ́fẹ́, òjò á rọ̀, wọ́n á mu, atẹ́gùn á fẹ́ wọn gbẹ, ó di òjò míì. Ara gbòǹgbò yẹn ní awọ kan tó ń fa omi mọ́ra bíi kànìnkànìn, tó bá gbẹ á funfun, tó bá ti mumi yó àwọ̀ ewé á hàn látinú. Ẹ wá gbé irú gbòǹgbò bẹ́ẹ̀ sínú ìkòkò tí omi dúró sí, tí atẹ́gùn ò wọ̀, kò ní rí èémí mí, ó máa rà ni.

Ohun tó sì ń fà á ò ju díẹ̀ náà lọ. Ọ̀kan ni ìkòkò ẹlẹ́wà tí wọ́n gbé e sínú ẹ̀, tí ò níhò nídìí, ẹ bomi rin ín, omi ṣàn lọ sísàlẹ̀, ó dúró síbẹ̀, ẹ ò rí i. Òmíràn ni èèpo igi tí wọ́n fi gbìn ín dípò iyẹ̀pẹ̀, tó bá ti pẹ́ jù, lẹ́yìn bí ọdún méjì á ti rún, á di ẹlẹ́rẹ̀, atẹ́gùn ò ní rọ́nà gbà mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni ìdì mọ́ọ̀sì (ewéko rírọ̀ tó ń di omi mú) kékeré kan tó máa ń wà láàárín gbùngbùn gbòǹgbò, lábẹ́ ewé gan-an. Inú rẹ̀ ni wọ́n gbin ọ́kíìdì náà sí nígbà tó ṣì kéré, nígbà tó dàgbà wọn ò yọ ọ́, wọ́n kàn fi èèpo igi yí i ká. Èèpo igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á gbẹ, ẹ̀yin á rò pé omi ti tán, ẹ ó tún bu òmíràn sí i, bẹ́ẹ̀ inú ìdì yẹn ṣì tutù rinrin. Mi ò rí ohun tó ń jẹ gbòǹgbò ọ́kíìdì súpámákẹ́ẹ̀tì tó ìyẹn.

Ó yá, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ìkòkò. Ẹ má bẹ̀rù. Ẹ fún ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ike yẹn díẹ̀díẹ̀ yíká kó lè dẹ̀, ẹ wá di ìdí ewé mú, ẹ fà á jáde jẹ́jẹ́, tí gbòǹgbò bá lẹ̀ mọ́ ìkòkò ẹ ge ìkòkò náà dànù, ìkòkò ò wọ́n. Ẹ gbọn èèpo igi rẹ̀ kúrò, ẹ wá ìdì mọ́ọ̀sì tí mo sọ yẹn, ẹ fi ìka tàbí igi tó tẹ́ẹ́rẹ́ tú u díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi jáde. Lẹ́yìn náà ẹ ṣan gbòǹgbò lábẹ́ omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbọdọ̀ gbóná, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó ṣèdájọ́, torí èyí tó bá yè lára wọn á ti máa yí sí àwọ̀ ewé báyìí.

Ibi tí ẹ ti máa fara balẹ̀ jù nìyí. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀lá tẹ gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èyí tó bá le, tí kò tẹ̀, ó yè nìyẹn, kódà bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti di yẹ́lò tàbí búráùn díẹ̀, torí èyí tí kì í rí ìmọ́lẹ̀ láàárín ìkòkò kì í sábà ní àwọ̀ ewé, ọ̀pọ̀ èèyàn ń gé gbòǹgbò tó dáa dànù torí àwọ̀ lásán. Èyí tó bá rọ̀, tí omi búráùn ń jáde lára ẹ̀, tí awọ rẹ̀ yọ sọ́wọ́ yín tó wá ku okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, ó ti kú. Èyí tó bá fẹ̀ pẹlẹbẹ, tó gbẹ, tó ṣófo nínú, òun náà ti kú. Wàyí o, ẹ lè rí gbòǹgbò tó jẹ́ pé àárín ẹ̀ ló ti bàjẹ́ àmọ́ tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ ṣì le, tí ẹnu ẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé, ẹ má gé ìyẹn o, okùn inú yẹn lè ṣì máa gbé omi gòkè, nígbà tí nǹkan ti le báyìí kò sí èyí tí a ò ní í lò.

Tó bá sì jẹ́ pé gbogbo gbòǹgbò ló le, tí wọ́n funfun, tí èèpo igi gbẹ fúrúfúrú, tiyín rọrùn, òǹgbẹ gidi ló ń gbẹ ẹ́. Ẹ dá a padà sínú ìkòkò rẹ̀, ẹ gbé e sínú omi fún bí ìṣẹ́jú ogún sí ọgbọ̀n, ẹ jẹ́ kó ro dáadáa, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ nígbàkígbà tí gbòǹgbò bá ti funfun. Ẹ ò nílò ìyókù.

Ẹ̀yin tó kù, tí gbòǹgbò tiyín ti rà, ẹ mú sísọ́ọ̀sì tó mú. Ẹ fi sípíríìtì nù ún tàbí kí ẹ fi iná jó ẹnu rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, tó bá jẹ́ ọ́kíìdì méjì lẹ fẹ́ gé ẹ tún un ṣe láàárín wọn, torí ẹnu sísọ́ọ̀sì ni àrùn fáírọ́ọ̀sì ń gbà bọ́ sára òmíràn, kò sì sí oògùn tó ń wo ìyẹn sàn. Ẹ gé gbogbo èyí tó ti rà títí dé ibi tó le. Bí ìdí igi rẹ̀ fúnra ẹ̀ bá ti dúdú tó sì rọ̀, ẹ gé òun náà díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi rí ara tó mọ́. Tó bá ṣì lódòdó lórí, ẹ gé ọ̀pá òdòdó náà sínú ife omi kẹ́ ẹ gbé e sórí tábìlì. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni, òdòdó yẹn ló mú wa rà á, ṣùgbọ́n òdòdó ń mumi, ọ́kíìdì tí ò ní gbòǹgbò ò lágbára láti bọ́ ọ.

Àwọn kan á ní kẹ́ ẹ da hydrogen peroxide 3%, oògùn tí wọ́n fi ń fọ ojú ọgbẹ́, lé gbòǹgbò. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ó ń hó lára òkú gbòǹgbò lóòótọ́, àmọ́ ó ń jó èyí tó yè náà, ìwọ̀nba díẹ̀ tó ṣẹ́ kù lẹ tún ń fìyà jẹ yẹn. Sínámọ́ọ̀nù ńkọ́, ẹ lè fi díẹ̀ sójú ibi tẹ́ ẹ gé lára igi tàbí ewé, kó má kan gbòǹgbò rárá torí ó máa ń fa omi gbẹ. Ohun tó dáa jù náà ni pé kẹ́ ẹ gbé ọ́kíìdì sílẹ̀ síbi tí oòrùn ò sí, kí ojú ọgbẹ́ gbẹ fún wákàtí mélòó kan, tó bá jẹ́ igi lẹ gé ẹ jẹ́ kó sùn mọ́jú.

Ẹ wá ka ohun tó kù. Tí gbòǹgbò tó le bá tó mẹ́ta mẹ́rin tó gùn díẹ̀, ẹ gbìn ín padà. Ìkòkò ike tí ojú ń ríran já, tó níhò nídìí tó tún níhò lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bá ṣeé ṣe, kí ó má tóbi, èyí tí wọ́n tà á pẹ̀lú ẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 12 sẹ̀ǹtímítà, ẹ sọ ọ́ di 9. Ìkòkò ńlá tí gbòǹgbò ò kún, omi ló máa kún un. Ẹ lo èèpo igi tuntun tó wẹ́wẹ́ díẹ̀, ẹ fi mọ́ọ̀sì díẹ̀ sí i kó lè di omi mú, ìdí ewé gbọdọ̀ wà lókè, ẹ má rì í mọ́lẹ̀. Tó bá ń mì, ẹ fi igi kékeré dè é, torí gbòǹgbò tuntun ò ní lè lẹ̀ mọ́ nǹkan tí ò dúró sójú kan. Ẹ máa gbé ìkòkò náà lọ́wọ́ kí ẹ tó bomi rin ín: tó bá ti fúyẹ́ tí gbòǹgbò ti funfun, ó tó àsìkò, tó bá wúwo ẹ fi sílẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé kò ku gbòǹgbò kankan, àbí ó ku kùkùté kan méjì, kí ẹ má dà á nù. Èyí ló nílò àpò ọ̀rá. Ẹ ra sphagnum moss gbígbẹ ní ibi tí wọ́n ti ń ta nǹkan ọgbà, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi títí tó fi máa rọ̀, ẹ wá gbá a mú lọ́wọ́ kẹ́ ẹ fún un títí omi ò fi ní kán mọ́. Kì í ṣe pé kó kán díẹ̀ o, kó má kán rárá, ọwọ́ yín kàn máa tutù ni. Ẹ tẹ́ ẹ sínú abọ́ ike tàbí ìsàlẹ̀ àpò ọ̀rá ńlá tó mọ́ kedere, ẹ gbé ọ́kíìdì jókòó sórí ẹ̀, kí ìdí rẹ̀ fara kan mọ́ọ̀sì náà díẹ̀, kó má wọ inú ẹ̀, kí ewé má sùn lé e. Ẹ fẹ́ àpò náà kó dúró, ẹ so ẹnu rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ nìyí. Nínú àpò yẹn afẹ́fẹ́ kún fún ọ̀rinrin, ewé ò ní lè pàdánù omi bó ṣe ń pàdánù ẹ̀ nínú yàrá. Phalaenopsis tún yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ ewéko míì, òru ló máa ń ṣí ihò tó ń fi mí lára ewé, ọ̀sán á pa á dé, ìyẹn ni pé òru tí ẹ tan hítà sílẹ̀ tí afẹ́fẹ́ yàrá gbẹ táútáú gan-an ni omi ń jáde lára ẹ̀ jù. Fífọ́n omi sí ewé láàárọ̀ ò lè dí i, ó máa gbẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, omi tó bá sì dúró sí àárín ewé lókè lè mú kí orí ẹ̀ rà. Àpò ọ̀rá ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru.

Ẹ gbé e síbi tó mọ́lẹ̀ àmọ́ tí oòrùn ò tà sí tààrà, torí oòrùn á se é jinná nínú ọ̀rá yẹn láàárín wákàtí kan. Ooru tó bá wà láàárín 22 sí 27 dígírì ló fẹ́ràn jù. Nígbà òtútù nílùú ọba, ojú fèrèsé lẹ́yìn kọ́tìnì ń tutù gan-an lóru, ẹ gbé e kúrò níbẹ̀ tílẹ̀ bá ṣú, ẹ má sì gbé e sórí hítà. Èmi fẹ́ràn kí n gbé e sórí rọ́ọ̀gì iná kékeré tí wọ́n fi ń hu irúgbìn, ó máa ń yára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣí àpò náà ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin síra wọn kí atẹ́gùn tuntun wọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí èbu, ẹ yọ mọ́ọ̀sì ibẹ̀, ẹ nu ìdí ẹ̀, ẹ fi ẹnu àpò sílẹ̀ díẹ̀. Mọ́ọ̀sì náà kì í tètè gbẹ, ẹ má kàn máa da omi sí i torí pé ọwọ́ ń yún yín.

Àwọn kan á gbé e sórí ife omi, kí ìdí ẹ̀ máa wo omi láìkàn án. Ó máa ń ṣiṣẹ́ nínú ilé tó móoru tó sì mọ́lẹ̀, mi ò sọ pé kò dáa, àmọ́ nínú yàrá tó tutù ní oṣù January, omi tútù lábẹ́ igi tó ti ṣọgbẹ́, mi ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn ẹ̀.

Omi ẹ̀rọ ńkọ́? Ní London omi le, ó ń fi efun sílẹ̀ sára gbòǹgbò àti ewé, tẹ́ ẹ bá lè gbe omi òjò tàbí kẹ́ ẹ sẹ́ omi, ó dáa. Àwọn ará Manchester àti Glasgow, omi tiyín rọ̀, ẹ lò ó bó ṣe wà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ní Èkó àti Ìbàdàn, ọ̀nà tiyín yàtọ̀ díẹ̀. Ooru tí àwa ń fi iná wá, ẹ ti ní in lọ́fẹ̀ẹ́, gbòǹgbò máa ń tètè yọ níbẹ̀. Ewu tiyín ni yàrá tí AC ń fẹ́ tààrà, ọyẹ́, àti òjò tó ń rọ̀ sí àárín ewé. Tẹ́ ò bá rí sphagnum moss rà, ẹ lo èèpo àgbọn, èyí tó wà níta tó ní fọ́nrán, ẹ gé e wẹ́wẹ́, ẹ rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi ẹ̀ lójoojúmọ́ kí iyọ̀ àti àwọ̀ búráùn rẹ̀ lè jáde, ẹ da èédú tí ẹ fọ̀ mọ́ ọn. Abẹ́ òjìji, lábẹ́ bàráńdà tí òjò ò dé, ọ́kíìdì á gbádùn níbẹ̀. Àwọn igbó wa náà ní ọ́kíìdì tiwọn tó ń gbé orí igi, ọ̀kan nínú wọn ni Ansellia africana, òdòdó rẹ̀ yẹ́lò pẹ̀lú àmì búráùn tótòtó, orúkọ John Ansell ni wọ́n fi sọ ọ́, ó wà lára àwọn tó bá ọkọ̀ ojú omi wá sí odò Ọya lọ́dún 1841, ìrìn àjò yẹn kan náà tí Àjàyí Crowther bá wọn lọ, erékùṣù Fernando Po tí wọ́n ń pè ní Bioko báyìí ni wọ́n ti rí i. Tẹ́ ẹ bá rí i lórí igi ẹ fi í sílẹ̀ níbẹ̀, ó ṣòro kó gbé nínú ilé. Ẹ má sì ki ọ́kíìdì bọ àpótí ẹrù láti London wá sílé, òfin CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ewéko àti ẹranko tó lè pa run, kan fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹbí ọ́kíìdì, wọ́n lè béèrè ìwé àṣẹ àti ìwé ìlera irúgbìn lọ́wọ́ yín ní pápákọ̀ òfúrufú.

Nínú gbogbo àsìkò yìí, ẹ má fún un ní fatiláísà. Kò ní gbòǹgbò tó máa fi jẹ ẹ́, iyọ̀ inú ẹ̀ ló máa jó èyí tó bá fẹ́ yọ. Omi ṣúgà tí wọ́n ń sọ kiri yẹn náà, ẹ fi sílẹ̀, bakitéríà ló ń bọ́.

Ẹ máa rí i pé ewé ìsàlẹ̀ pátápátá á di yẹ́lò. Ẹ má fà á tu. Ó ń fa omi àti oúnjẹ inú ẹ̀ gòkè ni, tó bá parí á já fúnra ẹ̀. Àwọn ewé tó ti hunjọ tẹ́lẹ̀ lè le sí i díẹ̀, wọ́n lè má dọ́gba mọ́ láéláé, torí náà ẹ má fi wọ́n ṣe òṣùwọ̀n. Ìdí igi ni kẹ́ ẹ máa wò. Gbòǹgbò tuntun á kọ́kọ́ wú bíńtín lábẹ́ ewé, á ya èèpo ibẹ̀, ẹnu ẹ̀ á wá yọ, ó ń dán, àwọ̀ ewé ni tàbí pupa rẹ́súrẹ́sú, kò tíì ní funfun lára rárá. Ẹ má fọwọ́ kàn án, bí ẹnu yẹn bá ṣẹ́ kò ní gùn mọ́ níbẹ̀. Nígbà ooru ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tó bá jẹ́ ìgbà òtútù ó lè gba oṣù mélòó kan, tí ewé bá ṣì wà, tí àárín ẹ̀ lókè ṣì ní àwọ̀ ewé tó le, ẹ máa dúró dè é. Tó bá jẹ́ pé ewé àárín lókè yẹn gan-an ló yọ sọ́wọ́ yín, tí ìdí ẹ̀ dúdú tó sì ń rùn, orí ẹ̀ ti lọ nìyẹn, Phalaenopsis ò ní orí méjì. Nígbà míì ọmọ lè yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ẹ̀, kì í wọ́pọ̀.

Tí gbòǹgbò tuntun bá ti tó mẹ́ta tí wọ́n gùn tó 5 sẹ̀ǹtímítà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí ẹnu àpò díẹ̀díẹ̀, lónìí wákàtí kan, lọ́túnla wákàtí mẹ́ta, títí á fi pé bí ọ̀sẹ̀ méjì tó á lè dúró nínú afẹ́fẹ́ yàrá láìrọ. Ẹ wá gbìn ín sínú ìkòkò kékeré bí mo ṣe ṣàlàyé lókè. Ìgbà yẹn lẹ lè fún un ní fatiláísà, ìdá kan nínú mẹ́rin ohun tí wọ́n kọ sára ike ẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì méjì. Bó bá ta ọ̀pá òdòdó jáde nígbà tí ewé ẹ̀ tó le ò tíì pé mẹ́rin, ẹ gé e. Èyí tó bá ta lẹ́yìn ìyẹn, ẹ jẹ́ kó tan.